Adìyẹ Ń Làágùn: Ìtàn Adìyẹ Ágíríkì Láti Oko Dé Òṣòdì

Ní Òṣòdì, tí o bá lọ ra adìyẹ, kí ìyá ọlọ́jà tó dárúkọ iye, á kọ́kọ́ bi ẹ́ pé: "Ìbílẹ̀ àbí ágíríkì?" Ọ̀rọ̀ yẹn, ágíríkì, ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a kì í bi ara wa mọ́ pé ibo ló ti wá. Orúkọ ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ ni. Adìyẹ ìjọba nìyẹn, bí a ṣe ń sọ pé ilé ìwé ìjọba. Kò sì tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó wọ ìlú. Àwọn ìyá ìyá wa kan ti lọ́kọ, wọ́n ti bímọ, kí wọ́n tó fojú kan ọ̀kan.

Bó ṣe wọ ìlú, àti ohun tí ojú ẹ̀ ń rí látìgbà náà, ni mo fẹ́ sọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní, "Èèyàn ò tíì rí jẹ, o wá ń sọ̀rọ̀ ìgbádùn adìyẹ." Ẹ ní sùúrù. Àwa àti adìyẹ yìí, inú ìtàn kan náà la wà.

Adìyẹ ti wà nínú ọ̀rọ̀ wa tipẹ́. Nínú ìtàn ìṣẹ̀dá ti Ilé-Ifẹ̀, adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ló tan ilẹ̀ ká orí omi. Àwọn àgbà ò sì kàn ń pe gbogbo wọn ní adìyẹ lásán. Èyí tí ìyẹ́ ẹ̀ yí sókè ni aṣa, èyí tí ò níyẹ̀ẹ́ lọ́rùn ni abólọ́rùn, èyí tí ìyẹ́ ẹ̀ ò pé ni opìpì, èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrú ni arúpẹ. Àwọn onímọ̀ nípa ìran ẹran ti wá rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ ẹwà lọ: abólọ́rùn àti aṣa máa ń fara da ooru ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, torí ibi tí ìyẹ́ ò bò dáadáa ni ooru ti ń rọ́nà jáde lára wọn.

Ayé adìyẹ ìbílẹ̀ ò rọrùn o, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Àṣá ń gbé òròmọdìyẹ, ológbò ń pa á, tí lúkúlúkú bá sì wọ agboolé, ó lè gbá gbogbo wọn lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Oúnjẹ tí wọ́n ń dà fún un ò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ó ń rìn, ó ń tanlẹ̀, ó ń yí nínú eruku, ó máa ń wá kọ̀rọ̀ kan tó ṣókùnkùn kó tó yé, tílẹ̀ bá sì ṣú, á fò sórí igi tàbí kí wọ́n kó o sábẹ́ àgò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nǹkan wọ̀nyẹn sọ́kàn.

Èrò rere ló mú ìyípadà wá. Ní nǹkan bí 1959 sí 1960, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í dá oko ìtẹ̀dó sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ilé ìwé tí wọn ò ríṣẹ́. Akin Deko ni mínísítà ètò ọ̀gbìn, Ísírẹ́lì ni wọ́n sì ti lọ wo àwòkọ́ṣe. Adìyẹ wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ yẹn máa sìn, kí ẹyin lè dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù. Nígbà tí owó epo dé láwọn ọdún 1970, tí Èkó ń kún, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti olówó náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá oko adìyẹ sílẹ̀. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ìjọba sílẹ̀ ní 1979, oko ló sì lọ dá sílẹ̀ ní Ọ̀tà. Adìyẹ wà lára ohun tó sọ oko náà di olórúkọ.

Ibi tí nǹkan ti kọ́kọ́ dàrú ni ọ̀rọ̀ àgbàdo. Adìyẹ ágíríkì kì í tanlẹ̀ wá oúnjẹ. Àgbàdo àti sóyà tí wọ́n bá lọ̀ fún un ló ń jẹ, òun ló sì ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí olóko ń ná. Láàárín àwọn ọdún 1980, owó epo já, ìjọba fòfin de àgbàdo òkèèrè, SAP dé ní 1986, náírà ṣubú. Oko adìyẹ púpọ̀ ló kógbá wọlé. FIIRO, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Òṣòdì níbí láti 1956, ló gbé soy-ogi jáde fún àwọn ọmọdé: àgbàdo àti sóyà náà ni. Ẹ ò rí i? Ohun tí adìyẹ ń jẹ gan-an lọmọ èèyàn ń jẹ. Gbogbo ìgbà tí àgbàdo bá ti gbówó lórí, àwọn méjèèjì ló jọ ń du abọ́ kan, olóko á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó ti máa fún owó jáde lára adìyẹ.

Lára adìyẹ náà, wọ́n ti fún un tó. Adìyẹ ìbílẹ̀ kì í sábà yé tó ọgọ́rin ẹyin lọ́dún. Léyà òde òní ń yé nǹkan bí 300. Èèpo ẹyin kan ń gba nǹkan bíi gíráàmù 2 calcium. Ẹ sọ ọ́ di ọ̀nà 300, ó di gíráàmù 600, bẹ́ẹ̀ sì rèé, èyí tó wà nínú gbogbo egungun adìyẹ náà ò ju nǹkan bíi gíráàmù 20 lọ. Ìyẹn ni pé lọ́dún kan, calcium tó ń jáde lára ẹ̀ tó ti egungun ẹ̀ lọ́nà ọgbọ̀n. Tí oúnjẹ ò bá gbé e, ara egungun ló ti máa yá a. Ìdí nìyẹn tí egungun old layer fi máa ń dá wẹ́rẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń fà á jáde nínú kéèjì. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, a sì mọ irú ẹ̀ dáadáa níbẹ̀: tí o bá ní kí ètò kan máa mú nǹkan kan ṣoṣo pọ̀ sí i, á mú un pọ̀, gbogbo nǹkan tí o ò dárúkọ ni á fi san gbèsè ẹ̀. Àwọn tó ṣe ìran adìyẹ yìí kì í ṣe ìkà. Ẹyin ni wọ́n béèrè, ẹyin náà ni wọ́n rí.

Kéèjì wá dé. Òkè òkun ló ti gbilẹ̀ kó tó kan àwa. Ní 1964, obìnrin ará Ìlú Ọba kan, Ruth Harrison, kọ ìwé Animal Machines nípa bí wọ́n ṣe ń há ẹran ọ̀sìn mọ́. Ariwo ìwé yẹn ló mú kí ìjọba gbé ìgbìmọ̀ Brambell kalẹ̀, àwọn yẹn sì sọ ní 1965 pé ó kéré tán, ẹran gbọ́dọ̀ lè dìde, kó dùbúlẹ̀, kó yí padà, kó tún ara ẹ̀ ṣe, kó sì na apá àti ẹsẹ̀. Ohun kékeré! Síbẹ̀, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2012 ni òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù tó lé kéèjì àtijọ́ kúrò nílẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ múlẹ̀. Kí wọ́n tó lé e kúrò, àyè tí òfin wọn ní kí adìyẹ kan ní ni 550 sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin. Ìwé A4 tó wà nínú printer yín jẹ́ nǹkan bí 624. Kò tó ìwé A4 kan, níbẹ̀ ni yóò sì ti lo ayé ẹ̀, ó lé lọ́dún kan. Kò sí eruku, kò sí kọ̀rọ̀, kò sí igi.

Bí wọ́n ṣe ń tú kéèjì wọn lọ́hùn-ún ni tiwa ń pọ̀ sí i níhìn-ín, tí à ń pè é ní ọ̀làjú. Mi ò ní bú àwọn olóko. Ilẹ̀ wọ́n nítòsí Èkó. Nínú kéèjì, ìgbẹ́ ń já sísàlẹ̀, ẹyin ń mọ́, òṣìṣẹ́ kan lè bójú tó adìyẹ púpọ̀, àwọn àrùn inú ìgbẹ́ sì ń dín kù. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń ṣírò èyí tó jèrè gbọ́dọ̀ ṣírò ooru pẹ̀lú.

Àwọn àgbà ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Sáyẹ́ǹsì tiẹ̀ sọ pé ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: adìyẹ ò lè làágùn rárá. Tí ooru bá mú un, ẹnu ló máa yà sílẹ̀, tí á máa mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Mímí yẹn ń lé carbon dioxide kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ara nílò ẹ̀ láti fi mọ èèpo ẹyin. Tó bá dín kù, èèpo á fẹ́lẹ́. Ẹyin tó ń fọ́ sí ẹ lọ́wọ́ ní Ìsọlọ̀ nínú oṣù kẹta, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìròyìn ooru ilé adìyẹ kan ní Ògùn ló ń mú wá fún ẹ. Èyí tó wà nílẹ̀ lè sún síbi afẹ́fẹ́. Èyí tó wà nínú kéèjì, ibo ló fẹ́ sún sí?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ìjọba Ọbásanjọ́ fòfin de adìyẹ dídì láti òkèèrè. Fàyàwọ́ ò dáwọ́ dúró ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn olóko wa rí àyè mí, oko sì tún ń pọ̀ sí i. Àfi oṣù kejì 2006. Ní Jájì, ìpínlẹ̀ Kàdúná, wọ́n rí H5N1, àìsàn lukulúkú tuntun tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù, nínú oko ńlá kan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn ní gbogbo Áfíríkà. Ààrẹ orílẹ̀-èdè fúnra ẹ̀ ń sin adìyẹ! Adìyẹ tó kú àti èyí tí wọ́n pa lé ní mílíọ̀nù kan kó tó rọlẹ̀. Ìjọba ní àwọn máa san 250 náírà lórí adìyẹ kan tí wọ́n bá pa, àwọn olóko ní kò tó. Tí owó gbà-má-bínú bá kéré ju iye ọjà lọ, ẹ̀yin náà ẹ mọ ibi tí adìyẹ tó ń ṣàìsàn máa gbà.

Ní oṣù kìíní 2007, ọ̀dọ́bìnrin ẹni ọdún 22 kú ní Èkó. Àyẹ̀wò fi hàn pé àìsàn yẹn ni. Òun ni èèyàn àkọ́kọ́ tó pa ní Nàìjíríà. Ní 2015, ó tún padà wá, Èkó àti Kánò ló sì ti kọ́kọ́ yọjú. Látìgbà tí mo ti mọ ìtàn ọ̀dọ́bìnrin yẹn ni mi ò ti lè gbà mọ́ pé ọ̀rọ̀ ìtọ́jú adìyẹ jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó tí wọ́n ti yó. Adìyẹ oríṣiríṣi oko tí wọ́n kó pọ̀ sínú àgò kan, tó rẹ̀, tí òùngbẹ ń gbẹ, tí wọ́n wá ń pa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń ra tòmátò: ara wọn ò lágbára láti kojú àìsàn, àwa náà ò sì jìnnà sí wọn.

Ọjà yìí gan-an ni mo rò pé a ti lè tètè rí ìyàtọ̀, ju oko lọ. Ní Yúróòpù, adìyẹ tó ti yé tán ò fẹ́rẹ̀ẹ́ níye lórí. Níhìn-ín, old layer lọba: ẹran ẹ̀ le, kò ní fọ́ sínú ọbẹ̀, ọlọ́pọ̀ òde ló ń wá a. Láàyè la sì fẹ́ rà á. Nítorí náà, adìyẹ tí egungun ẹ̀ ti gbẹ yìí ló tún máa rìnrìn àjò láti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta wá sí Èkó, tí wọ́n á wá so lẹ́sẹ̀, tí wọ́n á dorí ẹ̀ kodò. Adìyẹ ò ní awọ tó ya àyà sọ́tọ̀ kúrò lára ikùn bíi tiwa. Tó bá dorí kodò, ìfun ẹ̀ á máa tẹ ibi tó fi ń mí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 2022, ìjọba Èkó lé ọ̀kadà kúrò ní Òṣòdì-Ìsọlọ̀. Kì í ṣe nítorí adìyẹ, àmọ́ èyí tó ń rọ̀ dirodiro lára ọ̀kadà tẹ́lẹ̀ ti wá ń jókòó nínú kẹ̀kẹ́ báyìí.

Ohun tó kù ò wọ́n: àpótí oníke tó ní ihò, omi nínú abọ́, ìbòòji, kí wọ́n gbé e dípò kí wọ́n so ó kọ́. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kan páànù? Wọ́n wó ọjà Òwónifàrí ní Òṣòdì ní oṣù kìíní 2016. Ẹni tí wọ́n lè lé lọ́la ò ní kọ́ ilé fún adìyẹ lónìí. Ìjọba tó fẹ́ kí ọjà adìyẹ mọ́, àfi kó kọ́kọ́ jẹ́ kí ọlọ́jà fìdí múlẹ̀.

Ní ti òfin, ó wà. Ẹsẹ 495 nínú Criminal Code tí a jogún lọ́wọ́ àwọn amúnisìn sọ pé ẹni tó bá hùwà ìkà sí ẹran lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kó san owó ìtanràn 50 náírà. Ní Òṣòdì lónìí, 50 náírà ò ra ẹyin kan.