Mọ Ara Rẹ: Ọkàn Ènìyàn Lọ́dọ̀ Socrates àti Iṣẹ́ Olùkọ́

Gbólóhùn náà kò gùn. Wọ́n kọ ọ́ sára tẹ́ḿpìlì òrìṣà Apollo ní Delphi, nílẹ̀ àwọn Gíríìkì, níbi tí tọba tìjòyè ti máa ń wá bèèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu òrìṣà: Mọ ara rẹ. Bí a bá ń fà á yọ lónìí, ohun tí à ń rò ni pé kí olúkúlùkù mọ ẹ̀bùn tirẹ̀. N kò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó kọ́kọ́ kà á ṣe gbọ́ ọ. Ìkìlọ̀ ni: rántí pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni ọ́, o kì í ṣe òrìṣà.

Ọwọ́ Socrates ni ìkìlọ̀ yìí ti di ìbéèrè. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Chaerephon, lọ sí Delphi láti bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni gbọ́n ju Socrates lọ. Abọrẹ̀ obìnrin ibẹ̀ ní kò sí. Plato, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ náà rú Socrates lójú. Ó tọ àwọn òṣèlú lọ, ó tọ àwọn akéwì lọ, ó tọ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lọ. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mọ iṣẹ́ wọn lóòótọ́ (a kì í sábà rántí sọ èyí), ṣùgbọ́n wọ́n rò pé nítorí bẹ́ẹ̀ àwọn mọ ohun gbogbo. Ìbéèrè rẹ̀ bí wọn nínú. Ní ọdún 399 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n dá a lẹ́jọ́ ikú ní Áténì.

Ṣùgbọ́n kí ni "ara" tí a ní kí a mọ̀? Èdè Yorùbá fẹ́ ṣì wá lọ́nà níbí, nítorí "ara" yìí kan náà ni àgọ́ ara. Haúsá ní tirẹ̀ ń fi "orí" sọ ọ́. Nínú ewì Homer, ohun tí àwọn Gíríìkì ń pè ní psyche sún mọ́ ẹ̀mí: ó ń fi òkú sílẹ̀, ó ń di òjìji nísàlẹ̀ ilẹ̀. Lọ́dọ̀ Socrates, ó sún mọ́ ọkàn, ibi tí a ti ń mọ rere yàtọ̀ sí búburú. Òun ni ènìyàn gan-an. Ara jẹ́ ohun èlò rẹ̀.

Nínú ìwé tó ń jẹ́ Alcibiades (àwọn onímọ̀ kan kò gbà pé Plato ló kọ ọ́), Socrates ní ojú kò lè rí ara rẹ̀ àfi kí ó wo inú ojú ẹlòmíràn, níbi tí àwòrán kékeré ẹni tó ń wò ti ń hàn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn Gíríìkì fi ń pe ibẹ̀ àti ọmọdébìnrin. Ọmọlójú ni àwa náà ń pè é. Bẹ́ẹ̀ ni ọkàn ṣe nílò ọkàn mìíràn kí ó tó lè mọ ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á pẹ́ díẹ̀ lórí ìwé Meno, torí olùkọ́ ni wá. Socrates pe ọmọkùnrin kan tó jẹ́ ẹrú Meno, tí kò kọ́ ìṣirò rí. Ó ya onígun mẹ́rin ọlọ́gbọọgba sílẹ̀: ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2, ààyè inú rẹ̀ jẹ́ 4. Báwo ni ẹ̀gbẹ́ yóò ti gùn tó kí ààyè náà lè di 8? Kíá ni ọmọ náà dáhùn pé 4. Wọ́n yà á, ó di 16. Ó ní 3. Ó di 9. Ó wá búra pé òun kò mọ̀. Socrates yíjú sí Meno: ǹjẹ́ a ti pa ọmọ yìí lára? Rárá, torí ìsinsìnyí ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wá a. Wọ́n fa ìlà láti igun kan sí igun tó kọjú sí i, ọmọ náà sì rí i pé orí ìlà yẹn ni a ó ti ya èyí tó jẹ́ 8.

Plato ní èyí fi hàn pé ọkàn ti mọ̀ ṣáájú kí a tó bí wa, pé ìrántí ni ẹ̀kọ́. Kò dá mi lójú. Ìbéèrè Socrates ń ti ọmọ náà síwájú jù. Àárín ìtàn náà ló mú mi, ibi tí ọmọ ti ní òun kò mọ̀. Nígbà tí mo bá lọ wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti máa ń sáré kọ ìdáhùn sójú pátákó. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Plato kò dárúkọ ọmọ náà. Lẹ́yìn ìlà yẹn, Socrates padà sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ lórí bóyá ìwà rere ṣeé fi kọ́ni.