Òfin àti Ẹ̀bẹ̀: Ohun Tó Yẹ Kí A Yanjú Kí Kọ̀ǹpútà Tó To Táìmù-tébù Ilé-Ìwé

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí ilé-ìwé tí ó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá òun to táìmù-tébù kọ́kọ́ wo iye olùkọ́, iye kíláàsì àti iye yàrá tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, kí ó tó máa ka òfin sí ẹ̀rọ náà létí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé a ó kó gbogbo ohun tí olúkúlùkù olùkọ́ ń fẹ́ jọ, a ó sọ gbogbo rẹ̀ di òfin, nígbà tí kọ̀ǹpútà bá sì wí pé kò ṣeé ṣe, a ó di ẹ̀bi rù ú. Èrò mi ni pé ohun tí agbára ènìyàn tàbí ohun-èlò kò ká nìkan ni ó yẹ kí a pè ní òfin. Ẹ̀bẹ̀ ni gbogbo ìyókù, a sì gbọ́dọ̀ fún ẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀.

Ìmọ̀ ìṣirò gbè mí lẹ́yìn. Ohun tí Dénes Kőnig, ọmọ ilẹ̀ Hungary, fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1916, bí a bá fi wo ọ̀rọ̀ yìí, ni pé bí kò bá sí ìdènà mìíràn ju pé olùkọ́ kan kò lè wà ní kíláàsì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí kíláàsì kan kò sì lè gba olùkọ́ méjì pọ̀, dandan ni kí àtẹ náà ṣeé tò, níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ olùkọ́ tàbí kíláàsì kankan kò bá ti ju iye pírẹ́ọ̀dù inú ọ̀sẹ̀ lọ. Ní 1962 ni C. C. Gotlieb ti Yunifásítì Toronto ní Kánádà gbé ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà ṣe irú iṣẹ́ yìí síwájú àwọn onímọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di 1976, Even, Itai àti Shamir fi hàn pé gẹ́rẹ́ tí a bá ti wí pé olùkọ́ tìbí kò sí ní àkókò báyìí, tí ti ọ̀hún kò sí ní àkókò bẹ́ẹ̀, ìṣòro náà bọ́ sí agbo àwọn ìṣòro tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí ọ̀nà àyára tí yóò yanjú wọn nígbà gbogbo. Kì í ṣe títóbi ilé-ìwé nìkan ni ó ń sọ iṣẹ́ rírọ̀ di líle. Òfin tí a dì lé e lórí ni.

Ká ní ilé-ìwé girama kan ní kíláàsì 12, pírẹ́ọ̀dù 8 lójúmọ́, 40 lọ́sẹ̀, àti olùkọ́ ìṣirò 2, tí kíláàsì kọ̀ọ̀kan sì ń ṣe ìṣirò lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀. Iṣẹ́ náà jẹ́ 60; 30 kan olùkọ́ kọ̀ọ̀kan, apá wọn sì ká a. Ẹnì kan wá dìde nínú ìpàdé, ó ní òwúrọ̀ ni ọpọlọ ọmọ máa ń jí pépé, kí gbogbo ìṣirò ṣáájú ìsinmi. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n pírẹ́ọ̀dù 4 péré ni ó ṣáájú ìsinmi lójúmọ́: 20 fún olùkọ́ kan, 40 fún àwọn méjèèjì, 40 kò sì lè gba 60 láéláé. Bí a bá sọ ọ́ di ẹ̀bẹ̀, ìṣirò tí yóò bọ́ sí òwúrọ̀ lè tó 40, a ó sì pín 20 tó kù sí ọ̀sán káàkiri, kí ó má baà jẹ́ kíláàsì kan ṣoṣo ni yóò máa ru ẹrù náà.

Ẹ tún wo láàbù kan ṣoṣo tí kíláàsì 6 ti girama àgbà (SSS) ń lò fún físíìsì, kẹ́místìrì àti bàọ́lọ́jì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́ pírẹ́ọ̀dù méjì tó so mọ́ra lọ́sẹ̀. Pírẹ́ọ̀dù oníméjì 18 ni láàbù yóò gbà lọ́sẹ̀. Lójúmọ́, méjì ni ó lè gbà ṣáájú ìsinmi, méjì lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ 20 lọ́sẹ̀. Bí ilé-ìwé bá ń parí nígbà ìsinmi ní ọjọ́ Ẹtì nítorí ìrun Jímọ̀, 18 géérégé ni ó kù. Bí a bá sì tún yọ ọ̀sán Ọjọ́rú fún eré ìdárayá, ó di 16, iṣẹ́ ti bàjẹ́ kí a tó tan ẹ̀rọ. Bírò àti tákàdá tó láti rí èyí.

Ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí ń to táìmù-tébù, tí a ń pè ní FET, iṣẹ́ ọwọ́ Liviu Lalescu, ọmọ ilẹ̀ Romania, gba ìyàtọ̀ láàárín òfin àti ẹ̀bẹ̀ láàyè: a ń fi ìdá ọgọ́rùn-ún wọn ìdènà, èyí tí ó bá jẹ́ 100 ni ètò náà kò gbọdọ̀ rú. Ẹ̀kọ́ tó le jù ní títò ni ó máa ń kọ́kọ́ wá àyè fún, a sì máa ṣí èyí tó ti jókòó nípò nígbà tí àyè bá há. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó dáadáa yóò ka òfin pọ́nńbélé sí i ní àkọ́kọ́, yóò wò ó bí àtẹ bá jáde, lẹ́yìn náà ni yóò máa fi ẹ̀bẹ̀ kún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá kọ̀, èyí tí a fi kún un gbẹ̀yìn ni a ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Àwọn kan yóò ní àbùkù ni fún àgbà olùkọ́ kí a pe ìfẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀bẹ̀ lásán. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ìfẹ́ ẹnì kan tí a sọ di òfin, orí ẹlòmíràn ni owó rẹ̀ ń já lé: bí àwọn àgbà bá kọ gbogbo ọ̀sán sílẹ̀, olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni yóò kó o. Kọ̀ǹpútà kò mọ ọ̀wọ̀, kò sì mọ àánú, nítorí náà inú ìpàdé olùkọ́ ni ó yẹ kí a ti wọn ẹ̀bẹ̀, nítorí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Kí a kọ ìwọ̀n náà sílẹ̀, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ táìmù-tébù, kí ẹni tí ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kò bá rí ààyè lè mọ ìdí rẹ̀, kí ó sì lè tún un rò níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí táàmù mìíràn tó wọlé.