Owó ìrànwọ́ fún iṣẹ́ ìlú: ibi tó wà, ìwé tí wọ́n ń béèrè, àti bí ẹgbẹ́ wa ṣe lè rí i gbà

Tí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ìlú, ì báà jẹ́ ní Kánò, Jos, Kàdúná tàbí Port Harcourt, ọ̀nà mẹ́ta la sábà máa ń gbà kó owó jọ: owó oṣù, owó ìtanràn, àti ìkówójọ ọlọ́dọọdún tá a máa ń pè ní lánṣìn. Ọ̀nà gidi ni. Òun la fi ra ilẹ̀, òun la fi kọ́ gbọ̀ngàn, òun la sì fi ń gbé òkú èèyàn wa padà sílé. Àmọ́ owó ọjọ́ kan kì í gbọ́ bùkátà ọdún kan. Lánṣìn lè kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, kò lè máa san owó tíṣà lóṣooṣù. Ó lè gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, àmọ́ tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ lọ́dún kejì, ilé alága ni gbogbo wa ń sáré lọ.

Àwọn àjọ ẹlẹ́yinjú àánú àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ya owó sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ báyìí. Owó ìrànwọ́ ni, kì í ṣe èyáwó. Ẹ ò ní dá a padà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò rẹ̀ dórí kọ́bọ̀. A kọ ohun tó yẹ kí aṣáájú ẹgbẹ́ mọ̀ síbí, kẹ́ ẹ lè fi pa mọ́, kẹ́ ẹ sì máa tún un wò.

Iṣẹ́ ni wọ́n ń fún lówó, kì í ṣe ẹ̀yà

Ohun tó ń ba ìwé ẹgbẹ́ wa jẹ́ jù nìyí, ìdí rèé tá a fi fi ṣáájú. Kò sí àjọ tó máa fún wa lówó torí pé a jẹ́ Yorùbá. Wọn kì í náwó sórí ayẹyẹ ọdún, aṣọ ẹgbẹ́, ìwúyè, ìsìnkú, ìpolongo ìbò tàbí kíkọ́ ilé ìjọsìn. Ìṣòro tó wà ládùúgbò ni wọ́n ń wò, wọ́n sì ń béèrè ẹni tó fẹ́ yanjú ẹ̀.

Torí náà, tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ pé ọmọ Yorùbá nìkan lẹ fẹ́ kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ìrọ̀lẹ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ju ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lójú ẹsẹ̀. Tí wọn ò bá sì jù ú nù, ẹ tún ti dá wàhálà mìíràn sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti àwọn onílẹ̀, pàápàá níbi tí ọ̀rọ̀ onílẹ̀ àti àtọ̀húnrìnwá ti fa ìjà rí. Ọmọ Hausa, ọmọ Berom, ọmọ Ijaw tó ń gbé lójúlé kejì, ẹ kà wọ́n mọ́ ọn. Ẹ fi onílẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta sínú ìgbìmọ̀ iṣẹ́ náà, kì í ṣe fún àfihàn, kí wọ́n máa jókòó síbi tí wọ́n ti ń pinnu. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ Mai Angwa tàbí baálẹ̀ àdúgbò pé ó mọ̀ nípa iṣẹ́ náà, ó sì fẹ́ ẹ. Gbọ̀ngàn wa ṣì ni gbọ̀ngàn wa, orúkọ wa ló wà lára ògiri. Ohun tó yí padà ni pé àwọn aládùúgbò á ti rí i pé àǹfààní wọn náà ni kí ẹgbẹ́ wa wà níbẹ̀. Èyí ń dáàbò bò wá ju owó lọ.

Àwọn ìwé tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀

Tẹ́ ẹ bá dúró dìgbà tí wọ́n bá kéde owó kẹ́ ẹ tó máa wá ìwé, ẹ ti pẹ́. Àwọn tí wọ́n sábà máa ń béèrè nìyí:

1. Ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC. Apá F nínú òfin CAMA ti ọdún 2020 ló sọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti èrè. Òfin náà dárúkọ àwọn tí àṣà, ẹ̀sìn tàbí ìbátan so pọ̀, nítorí náà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọ inú ẹ̀. Ó kéré tán, ẹ nílò trọ́sítì méjì. Ẹni tí ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi ìwà jìbìtì láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn kò lè wà lára wọn. Ẹ máa gbé ìkéde jáde nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì tí wọ́n ń tà ládùúgbò yín, kí ọ̀kan jẹ́ èyí tó kárí orílẹ̀-èdè. Ọjọ́ 28 lẹ́ni tó bá ní àtakò ní láti fi kọ̀wé.

2. Ìjábọ̀ ọlọ́dọọdún sí CAC. Láàárín ọjọ́ 30 oṣù kẹfà sí ọjọ́ 31 oṣù kejìlá lòfin ní kí ẹgbẹ́ máa fi í ránṣẹ́ lọ́dọọdún. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa ló ní sátífíkéètì lára ògiri, tí wọn ò sì fi ìjábọ̀ ránṣẹ́ láti ìgbà náà. Àjọ tó bá fẹ́ fún yín lówó lè yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá orúkọ yín ṣì ń ṣiṣẹ́.

3. Sátífíkéètì SCUML. Ẹ̀ka yìí, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2005, wà lábẹ́ EFCC, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣọ́ ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n bá fẹ́ gbà lọ́nà ẹ̀bùrú. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ san owó fún un, àpò ara ẹ̀ ló ń gbà á sí. Báńkì máa ń béèrè ìwé yìí kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì fún ẹgbẹ́.

4. Nọ́ńbà owó-orí àti àkáǹtì báńkì lórúkọ ẹgbẹ́. Kì í ṣe lórúkọ alága, kì í ṣe lórúkọ akápò. Ó kéré tán, kí èèyàn méjì máa buwọ́ lù ú kí owó tó jáde, kí wọ́n má sì jẹ́ ọmọ ilé kan náà.

5. Òfin ẹgbẹ́, orúkọ àwọn tó ń darí, àti ìwé owó ọdún méjì tàbí mẹ́ta tí akáǹtáǹtì tó ní ìwé ẹ̀rí ti yẹ̀ wò.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kéékèèké, tí kò ní ju ogún ilé lọ, kò nílò láti ṣe gbogbo èyí fúnra ẹ̀. Wọ́n lè wá lábẹ́ ìwé àpapọ̀ ẹgbẹ́ Yorùbá ìpínlẹ̀ náà, tàbí lábẹ́ ẹgbẹ́ mìíràn tí ìwé ẹ̀ pé. Kẹ́ ẹ ṣáà kọ àdéhùn sílẹ̀: ta ló ń gba owó, ta ló ń ná an, ta ló ń jábọ̀.

Ibi tí owó wà

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kẹ́ ẹ tó kọ̀wé sí àjọ kankan, ẹ wo ohun tó fẹ́ràn, ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, àti àwọn tó ti fún lówó rí.

TY Danjuma Foundation, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2009, jẹ́ àjọ ọmọ Nàìjíríà tó ń fún àwọn ẹgbẹ́ lówó ìrànwọ́. Ìlera àti ẹ̀kọ́ ló jẹ ẹ́ lógún jù, ojú rẹ̀ sì wà lára ìpínlẹ̀ Taraba dáadáa. Ẹ̀yin èèyàn wa ní Jalingo àti Wukari, ẹ má fojú kéré èyí.

ACT Foundation bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016. Ó ń ran ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti èrè lọ́wọ́ lórí ìlera, àyíká, ìdarí àti òwò àwọn ọ̀dọ́.

MTN Foundation wà láti ọdún 2004. Nínú èrè MTN ní Nàìjíríà ni owó ẹ̀ ti ń wá, títí dé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀kọ́ àti ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n ti ṣètò rí tí aráàlú fi máa ń dárúkọ àdúgbò tó nílò ìrànwọ́, nítorí náà ẹ máa ṣọ́ ìkànnì wọn.

Rotary náà ńkọ́? Owó ńlá wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní global grant, kì í wà fún iṣẹ́ tí gbogbo ìnáwó ẹ̀ kò tó $30,000, kílọ́ọ̀bù méjì láti orílẹ̀-èdè méjì ló sì gbọ́dọ̀ jọ bẹ̀bẹ̀ fún un. Àmọ́ owó kékeré wà ní ìpele dísíríìtì. Tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan bá jẹ́ ará Rotary nílùú yín, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Tony Elumelu Foundation kì í ṣe fún ẹgbẹ́. $5,000 tí wọ́n ń fúnni wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ní òwò. Ẹ sọ fáwọn ọmọ wa tó ń ṣòwò kí wọ́n lọ gbìyànjú, ṣùgbọ́n kí ẹgbẹ́ má fi àkókò ẹ̀ ṣòfò síbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbi tí wọ́n ti ń wa epo, òfin epo rọ̀bì ti ọdún 2021 ní kí ilé-iṣẹ́ epo máa fi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n ná sórí iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá sínú àpò ìdàgbàsókè ìlú tó gbà wọ́n lálejò. Ti àwọn onílẹ̀ ni àpò yẹn. Ká má lọ bá wọn du ú. Ohun tá a lè ṣe ni pé ká bá ìgbìmọ̀ wọn sọ̀rọ̀ pé a ní nọ́ọ̀sì, a ní tíṣà, a fẹ́ bá wọn ṣe é.

Ní ìparí, ẹ má gbójú fo ilé-iṣẹ́ tó wà nítòsí: báńkì tí ẹgbẹ́ ń lò, ilé oògùn, àwọn tó ń ta símẹ́ńtì àti ìyẹ̀fun lósùnwọ̀n ńlá. Wọ́n lè má fún yín lówó, kí wọ́n fún yín ní ìwé ìkọ̀wé, oògùn, bẹ́ńṣì tàbí símẹ́ńtì. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, owó ni. Oṣù kejìlá ni ọ̀pọ̀ báńkì àti ilé-iṣẹ́ ń parí ọdún ìṣirò wọn, torí náà oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ló dáa láti kọ̀wé, nígbà tí wọ́n bá ń ṣètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa kọ ìwé àbá

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní ẹgbẹ́ kan fẹ́ máa kọ́ ọmọ 60 lẹ́kọ̀ọ́ ìrọ̀lẹ́ nínú gbọ̀ngàn wọn fún oṣù mẹ́wàá. Ìwé àbá wọn gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè márùn-ún: Kí ni ìṣòro náà? Àwọn wo ló kàn? Kí lẹ fẹ́ ṣe? Èló ni? Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́?

Ẹ má kọ "ẹ̀kọ́ ti bàjẹ́ lórílẹ̀-èdè yìí". Ẹ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ méjì tó wà ládùúgbò, ẹ ka iye ọmọ tó wà ní kíláàsì kan, ẹ bi wọ́n léèrè mélòó ló lè ka ojú ìwé kan já. Iye tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín kà lágbára ju ariwo lọ.

Ìnáwó wọn lè rí báyìí:

Owó tíṣà mẹ́ta, ₦40,000 lóṣù, oṣù mẹ́wàá: ₦1,200,000
Ìwé fún ọmọ 60, ₦8,000 fún ẹnì kan: ₦480,000
Iná sólà àti bátìrì: ₦600,000
Bẹ́ńṣì: ₦300,000
Ọkọ̀, ìwé títẹ̀ àti ìjábọ̀: ₦120,000
Àpapọ̀: ₦2,700,000

Tí ẹgbẹ́ bá fọwọ́ ara ẹ̀ ra bẹ́ńṣì, ₦2,400,000 ni wọ́n máa béèrè, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ló gbé gbọ̀ngàn sílẹ̀. Afúnnilówó máa ń fẹ́ rí i pé ẹ ti gbé ẹrù náà díẹ̀ kó tó bá yín gbé e. Ẹ má bu owó lé e. Ẹni tó ń ka ìwé yẹn mọ iye tí bátìrì ń lọ lọ́jà.

Ìbéèrè karùn-ún ló máa ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn ṣánlẹ̀. Ìdáhùn tó dáa ni: "A máa dán àwọn ọmọ wò lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, a tún máa dán wọn wò lóṣù kẹwàá, a sì máa kọ orúkọ àwọn tó ń wá lójoojúmọ́."

Lẹ́yìn tí owó bá wọlé

Ohun tẹ́ ẹ sọ pé ẹ fẹ́ rà ni kẹ́ ẹ rà. Tí nǹkan bá yí padà, ẹ kọ̀wé béèrè kẹ́ ẹ tó náwó. Kò sí pé akápò yá nínú ẹ̀ fún ìsìnkú kó dá a padà níparí oṣù. Òfin CAMA pàápàá sọ pé owó ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ kọjá iṣẹ́ tá a torí ẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹ tọ́jú rìsíìtì, ẹ ya fọ́tò, ẹ fi ìjábọ̀ ránṣẹ́ lásìkò. Ẹgbẹ́ tó jábọ̀ dáadáa lórí owó kékeré ló ń gba owó ńlá lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ka ìṣirò náà sétí ìgbọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pẹ̀lú, torí ìfura lórí owó ti tú ẹgbẹ́ ká ju ogun lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún gbájúẹ̀

Àjọ gidi kì í gba owó kó tó fúnni lówó: kò sí owó fọ́ọ̀mù, kò sí owó "ìtúsílẹ̀". Wọn kì í béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì báńkì, wọn kì í sì pín owó lórí WhatsApp. Ẹni tó bá sì ní òun á bá yín gbà á kẹ́ ẹ jọ pín in, ẹ̀wọ̀n ló ń bá yín wá.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀

Nípàdé tó ń bọ̀, ẹ ní kí akọ̀wé gbé sátífíkéètì CAC àti ìjábọ̀ tó gbẹ̀yìn wá. Ẹ yan èèyàn mẹ́ta, kí ọ̀dọ́ kan tó mọ kọ̀ǹpútà wà lára wọn, kí wọ́n máa wo ìkànnì àwọn àjọ yìí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ yan ìṣòro kan péré ládùúgbò, kẹ́ ẹ sì lọ jókòó ti àwọn onílẹ̀ lórí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ọwọ́ àwọn tá a jọ ń gbé àdúgbò náà sì wà lára ẹ̀.