Ohun tó wọlé kọ́ ló bára mu: ìtàn kọ̀ǹpútà àtòpọ̀, láti 1981 títí dé Otigba

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́bí. Oko Ọba ni mo ń gbé, ní Agége, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù fún Èkó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo gbé wá lónìí, èyí tí èèyàn ra ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan tó wá tò ó pọ̀. Kí ló dé tí ẹ̀yà kan fi ń bá èkejì mu, tí òmíràn ò sì bá a mu? Ìtàn ló máa dá wa lóhùn.

2/ Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré o. Owó èésú ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń ra nǹkan wọ̀nyí. Bí ẹ bá ra processor àti bọ́ọ̀dù tí wọn ò gbọ́ èdè ara wọn, ẹ lọ wo ìsàlẹ̀ rìsíìtì yín: “Ọjà tí a bá tà, a kì í gbà á padà.” Owó oṣù mélòó ló lọ yẹn?

3/ Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látìdí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1981, IBM gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan jáde ní Amẹ́ríkà, IBM PC. Wọ́n ń kánjú, torí náà wọ́n lọ gba ẹ̀yà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn: processor láti ọ̀dọ̀ Intel, DOS láti ọ̀dọ̀ Microsoft. Wọ́n tún tẹ ìwé tó ṣàlàyé bí bọ́ọ̀dù náà ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń tà á.

4/ Ohun tí wọ́n dì mú ni BIOS, ètò kékeré tó máa ń jí ẹ̀rọ lójú oorun. Ní 1982, Compaq kéde ẹ̀rọ tó ń ṣe ohun tí ti IBM ń ṣe. BIOS tiwọn ni wọ́n kọ, láìda ti IBM kọ. Nígbà tó di 1984, Phoenix ti ń ta irú BIOS bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá lówó. Bí “clone” ṣe gbòde nìyẹn.

5/ Inú IBM ò dùn. Ní 1987 wọ́n mú PS/2 dé, pẹ̀lú ihò káàdì tuntun tí ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ sanwó kó tó lò. Ní 1988, ilé iṣẹ́ mẹ́sàn-án kóra jọ, Compaq ṣíwájú wọn, wọ́n ṣe tiwọn, wọ́n pè é ní EISA. Láti ìgbà náà, òfin ìbámu kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

6/ Ní 1995, Intel tẹ ìlànà ATX jáde: bí bọ́ọ̀dù ṣe máa tóbi tó, ibi tí ìdè rẹ̀ máa wà, irú ẹnu wáyà tó máa gbé iná wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá ra casing ní Ìkẹjà lónìí, tí ihò rẹ̀ ṣe wẹ́kú pẹ̀lú bọ́ọ̀dù tí ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn, ATX ni kẹ́ ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

7/ Ó yá, ẹ jẹ́ ká wálé. Ìkẹjà ti jẹ́ ìlú ilé iṣẹ́ láti ayé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Àdúgbò tí àwọn èèyàn ń gbé jẹ́ẹ́jẹ́ ni Otigba nígbà kan. Nínú àwọn ọdún 1990 ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilé lọ́wọ́ ìdílé, ó ràn dé Pepple àti Ọlá-Ayẹni, a wá ń pè é ní Computer Village.

8/ Ọ̀jọ̀gbọ́n Banji Oyelaran-Oyeyinka kọ̀wé nípa Otigba ní 2006. Títo clone wà lára iṣẹ́ tó gbé ọjà náà ró. Ẹnu iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ sì ti kọ́ ọ, lábẹ́ ọ̀gá, bíi mẹkáníìkì àti télọ̀. Kò sí ìwé Yorùbá kankan tó kọ́ wọn pé processor yìí kì í fẹ́ bọ́ọ̀dù yẹn.

9/ Àwọn ńláńlá náà gbìyànjú. Florence Seriki, tó di olóògbé ní 2017, dá Omatek sílẹ̀ ní 1988, ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Oregun níbí. Zinox ti Leo Stan Ekeh jáde ní 2001. Àwa la tò ó, àmọ́ òkèèrè ni processor ti ń wá. Ẹni tó ṣe processor ló ń ṣòfin.

10/ Ẹ wo bí òfin náà ṣe yà. Nígbà kan, Socket 7 ló ń gba Pentium ti Intel, òun náà ló ń gba K6 ti AMD. Ní 1997, Intel mú Slot 1 dé fún Pentium II, kò fún AMD láyè láti lò ó. Ní 1999, AMD ṣe Slot A fún Athlon. Ẹ gbọ́ ná: ihò kan náà ni, wọ́n kàn yí i sódì ni! Ó jọra lójú, iná inú rẹ̀ ò jọra.

11/ Lóde òní, ẹ ṣọ́ra fún LGA1151. Ó jáde ní 2015 fún Core i ìran kẹfà, ó sì gba ìran keje. Nígbà tí ìran kẹjọ dé ní ìparí 2017, 1151 náà ni. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n Intel ti yí iṣẹ́ àwọn ẹsẹ̀ kan padà. Ẹ gbé i5-8400 sórí bọ́ọ̀dù H110, kò ní tan.

12/ AMD gba ọ̀nà mìíràn. AM4 tí Ryzen bá dé ní 2017 náà ni Ryzen 5000 ṣì ń lò. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù àtijọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba BIOS tuntun, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní dá àlejò náà mọ̀. BIOS tí IBM dì mú ní 1981 ṣì ń ṣọ́nà.

13/ RAM ló ṣàánú wa jù. DDR2 àti DDR3 ní ẹsẹ̀ 240 kan náà; DDR4 àti DDR5 ní 288. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ sún ibi tí wọ́n gé nídìí rẹ̀ sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí iná tí wọ́n ń fẹ́ yàtọ̀: 1.5V fún DDR3, 1.2V fún DDR4. Bí kò bá wọlé, ẹ má fi tipá tì í. Kíkọ̀ tó kọ̀ yẹn, ààbò ni.

14/ Pawapáàkì ni eégún ńlá. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120V, tiwa àti ti Lọ́ńdọ̀nù ń lọ sí 230V. Ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ pawapáàkì àtijọ́ ní bọ́tìnnì pupa kan: 115 tàbí 230. Tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá lè ṣì wà lórí 115. Ẹ tì í bọ iná láìyí i padà: gbàà! Èéfín.

15/ Ẹnu wáyà rẹ̀ náà ní ìtàn. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, Dell lo ẹnu wáyà tó jọ ti ATX gẹ́lẹ́, àmọ́ wọ́n ti pààrọ̀ ipò àwọn wáyà inú rẹ̀. Tí wọ́n bá gbé e fún bọ́ọ̀dù ẹlòmíràn, ó lè jó o. OptiPlex 9020 kò tiẹ̀ díbọ́n mọ́: ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní níbi tí ATX ti ń lo 24.

16/ Kí ló wá kàn wá? Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń wọlé jẹ́ ẹ̀rọ ọ́fíìsì, Dell àti HP. Wọ́n á kun ún bí wọ́n ṣe ń kun màlúù ní Oko Ọba: RAM lọ́tọ̀, hard disk lọ́tọ̀, pawapáàkì lọ́tọ̀. Ṣàkì màlúù kan kì í bá ẹ̀dọ̀ òmíràn jà nínú ọbẹ̀. Ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ń jà.

17/ Torí náà, bí a ṣe ń ṣèwádìí ìdílé kí a tó fọmọ fọ́kọ ni. Processor ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú, kẹ́ ẹ mọ ìran rẹ̀. Bọ́ọ̀dù ìran yẹn ló tẹ̀ lé e, nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Bọ́ọ̀dù ló máa sọ irú RAM. Lẹ́yìn náà ni pawapáàkì, kẹ́ ẹ ka ẹsẹ̀ ẹnu rẹ̀. Àpótí tí gbogbo wa ń pè ní CPU ló kẹ́yìn.

18/ Kẹ́ ẹ tó kówó sílẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tò ó kó tan lójú mi.” Oníṣòwò gidi kì í bínú sí i.

19/ Ó ti pẹ́ tí ìjọba Èkó ti ń sọ pé àwọn máa kó Computer Village lọ sí Katangowa, lápá ọ̀dọ̀ wa níbí. Ṣọ́ọ̀bù ṣeé kó. Ìmọ̀ tó wà lẹ́nu àwọn ọ̀gá àtijọ́ ńkọ́? Fóònù àti laptop ló kún ọjà báyìí, àwọn tó ń kọ́ títo clone ò pọ̀ mọ́.

20/ Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí bàbá tó kọ́ṣẹ́ ní Otigba láyé Socket 7, ẹ bi wọ́n léèrè: kí ló máa ń wọlé tí kì í tan? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, lédè wa. Ẹnìkan wà ní Agége tó ń dá èésú lọ́wọ́, ó máa wúlò fún un.