Àrokò: Ẹni tó Gbọ́ Ohùn Ló Lè Tú u

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́! Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín fẹ́ràn crossword, pàápàá èyí tó ń fi ọ̀rọ̀ dọ́gbọ́n. Ìwé ìròyìn New York World tẹ crossword àkọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, 1913. Kó tó dìgbà yẹn, àwọn baba wa ti ń fi owó ẹyọ dọ́gbọ́n sọ̀rọ̀.

C. A. Gollmer, míṣọ́nárì ọmọ Jámánì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1845. Ohun tó kọ nípa àrokò jáde ní London ní 1885. Ó ní bí owó ẹyọ méjì bá kọjú síra lórí okùn, ìbátan àti ìpàdé ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìyapa àti ọ̀tá ni. Ó tún sọ ti ẹnì kan tí àwọn ará Dàhòmì kó lẹ́rú, tó fi òkúta, èédú, ata, àgbàdo yíyan àti àkísà ránṣẹ́ sílé. Ara le bí òkúta, ṣùgbọ́n ọ̀la dúdú, ọkàn gbóná, ìyà ti mú un gbẹ, aṣọ ti gbó. Irú èyí, àjèjì tó bá ronú dáadáa lè tú u.

Irú kejì ńkọ́? Nínú àwọn àrokò Ìjẹ̀bú tí wọ́n fi hàn ní London, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1887, owó ẹyọ mẹ́fà wà níbẹ̀. Ẹ kà á sókè: ẹẹ́fà. Ẹ gbọ́ ọ, àbí? Ọkàn mi fà sí ọ. Ìwọ náà fà mọ́ mi. Ẹẹ́jọ náà ní tirẹ̀: ohùn wa jọ, a fẹnu kò.

Ẹ kíyè sí ohùn o. Ẹẹ́fà parí sí ohùn ìsàlẹ̀, "fà" náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá pè é ní "fá" ti fá àrokò náà lórí! Ní Àgbádárìgì gan-an, ẹni tó ń fi èdè Ògù nìkan ka nǹkan kò ní gbọ́ "fà" nínú mẹ́fà. Inú èdè ni kọ́kọ́rọ́ wà, kò sí lára owó ẹyọ.

Ìdí nìyí tó fi ń dùn mí pé àwọn ọmọ wa ń ka nǹkan ní "six, seven, eight" nìkan. Bí wọ́n bá rí owó ẹyọ mẹ́fà lónìí, owó ẹyọ mẹ́fà lásán ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kà á sókè nílé: oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Kí ẹ tó sùn, ẹ bi wọ́n pé kí ni ẹẹ́ta ń wí. Kì í ṣe ìwé ìfẹ́ o!