Ìtàn Ewéko Tí Irúgbìn Rẹ̀ Wà Ní Ìhòòhò

Ẹni tí ó bá dàgbà ní Ìwàrà, tàbí níbikíbi nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, mọ̀ pé irúgbìn a máa wà nínú nǹkan. Kóró kòkó wà nínú èèpo rẹ̀. Kóró ọsàn wà láàárín ọsàn. Ṣùgbọ́n àwọn ewéko kan wà tí kì í so èso rárá: ìhòòhò ni irúgbìn wọn wà. Igi páìnì jẹ́ ọ̀kan. Òmíràn wà tí ẹnikẹ́ni kò gbìn, tí ó ń hù fúnra rẹ̀ ní ọ̀dàn lápá òkè wa. Ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ sọ.

Ní 1857, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán Dókítà Baikie gba Odò Ọya. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, bá wọn lọ. Ní oṣù October, ọkọ̀ wọn, Dayspring, fọ́ mọ́ àpáta nítòsí Jẹ́bà, wọ́n sì pàgọ́ síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Charles Barter, onímọ̀ ewéko tí ó wà láàárín wọn, ń kó ewé jọ. Ó kú ní Ràbà ní 1859, kò padà délé mọ́. Ohun tí ó kó jọ ni ó délé. Ní 1868, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ̀kan nínú wọn: Encephalartos barteri.

Ewéko yìí jọ ọ̀pẹ kékeré, ṣùgbọ́n kò bá ọ̀pẹ tan. Akọ rẹ̀ lọ́tọ̀, abo rẹ̀ lọ́tọ̀. Bí iná bá jó ewé rẹ̀, a tún rúwé.

Ìran rẹ̀ ti pẹ́ láyé. Irúgbìn ìhòòhò ti wà láti ohun tí ó lé ní 350 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Nínú òkúta, ipa òdòdó kò hàn dáadáa títí di nǹkan bí 130 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Àwọn kan nínú ìran náà, bíi Glossopteris, ti run pátápátá. Ewé wọn tí ó ti di òkúta nìkan ni a ń rí ní Íńdíà àti Gúúsù Áfíríkà.

Ti Jẹ́bà kò tíì run, ṣùgbọ́n ó wà nínú ewu. Àdéhùn CITES, tí a ṣe ní 1973, kò gbà kí a hú u nínú igbó tà sí òkè òkun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, orúkọ àlejò ni ewéko wa ń jẹ́ nínú ìwé. Bí ẹ bá dé apá ibẹ̀, ẹ bi àwọn ọdẹ àti àgbà léèrè ohun tí wọ́n ń pè é, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àgbà kì í dúró de ìwé.