Fọ́tò Rosa Parks tó ní nọ́ńbà 7053 kì í ṣe ti ọjọ́ tí wọ́n mú un nínú bọ́ọ̀sì

Tí oṣù Kejìlá bá ti wọlé báyìí, fọ́tò kan máa ń yí ká orí ayélujára. Rosa Parks ni, nọ́ńbà 7053 wà níwájú àyà rẹ̀, ojú rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tó lọ ya pásípọ́ọ̀tù. Àwọn èèyàn á wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọjọ́ tó kọ̀ láti dìde fún òyìnbó nínú bọ́ọ̀sì rèé, 1 oṣù Kejìlá 1955.

Rárá o. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kejì 1956 ni wọ́n ya fọ́tò yẹn. Ẹ̀sùn mìíràn ni, ọ́fíìsì mìíràn ni, àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn ló sì mú un. Ẹ jókòó, torí ẹni tó bá mọ ìdí tí ìyàtọ̀ yìí fi wà ti mọ bí wọ́n ṣe ń wá àkọsílẹ̀ ẹni tí wọ́n tì mọ́lé ní Amẹ́ríkà nìyẹn. 🧵

Ohun àkọ́kọ́: Amẹ́ríkà ò ní ọlọ́pàá kan ṣoṣo bíi tiwa tó jẹ́ pé Abuja ló ń pàṣẹ fún gbogbo wọn. Ìlú ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Àmọ́ ìlú yẹn wà nínú káúńtì, káúńtì sì ní ṣẹ́ríìfù. (Ẹ lè fi káúńtì wé ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fà á jù.) Ipò ṣẹ́ríìfù ti pẹ́, láti England ni wọ́n ti gbé e wá, ní ìpínlẹ̀ tó pọ̀ jù ìbò ni wọ́n sì fi ń yàn án. Òun ló sábà máa ń ni kọ́kọ́rọ́ àtìmọ́lé káúńtì lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, ẹni tó ń retí béèlì, ẹni tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ò gùn, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń wà. Ẹni tí kóòtù bá sọ sẹ́wọ̀n ọdún gbọọrọ, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni yóò lọ.

Nítorí náà, ẹnì kan ṣoṣo lè ní ìwé ní ibi mẹ́ta: ọlọ́pàá ìlú kọ tirẹ̀, ṣẹ́ríìfù kọ tirẹ̀, kóòtù kọ tirẹ̀. Tí ẹ bá lọ béèrè níbi tí kò yẹ, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí Montgomery, ní ìpínlẹ̀ Alabama.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 1955, ọlọ́pàá ìlú ló mú Parks, nítorí òfin ìlú tó ya ìjókòó aláwọ̀ dúdú àti funfun sọ́tọ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Wọ́n kọ ìròyìn wọn, wọ́n gba ìtẹ̀ka rẹ̀ sórí káàdì. Ní ọjọ́ karùn-ún, kóòtù ní kó san dọ́là 10, pẹ̀lú dọ́là 4 owó kóòtù. Ọjọ́ yẹn gan-an làwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn. Wọn ò wọ bọ́ọ̀sì mọ́.

Ìwé ọlọ́pàá ọjọ́ yẹn ṣì wà. Ẹ mọ ibi tó wà? Kò sí lọ́wọ́ ọlọ́pàá, kò sí lọ́wọ́ ṣẹ́ríìfù. Ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀ ló wà, National Archives, torí wọ́n kó o sínú ìwé ẹjọ́ Browder v. Gayle, ẹjọ́ tó fòpin sí ìyàsọ́tọ̀ inú bọ́ọ̀sì Montgomery ní 1956. Ohun tó sì máa ń ya èèyàn lẹ́nu ni pé Parks fúnra rẹ̀ kò sí lára àwọn tó pe ẹjọ́ yẹn. Obìnrin mẹ́rin mìíràn ni: Aurelia Browder, Susie McDonald, Mary Louise Smith àti Claudette Colvin. Ẹ di orúkọ ìkẹyìn yẹn mú, a ń bọ̀ níbẹ̀.

Fọ́tò 7053 wá ńkọ́? Nígbà tí ìfẹsẹ̀rìn ọ̀hún wọ oṣù kẹta, ọkàn àwọn aláṣẹ ò balẹ̀ mọ́. Wọ́n tú òfin ìpínlẹ̀ kan jáde, ti 1921, tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kó èèyàn jọ láti ba ọjà oníṣòwò jẹ́ láìnídìí. Grand jury káúńtì fẹ̀sùn kan èèyàn tó lé ní 80. Ẹ ṣàkíyèsí: káúńtì, kì í ṣe ìlú. Iṣẹ́ ṣẹ́ríìfù nìyẹn.

Ibí yìí ló dùn mọ́ mi jù. Àwọn tí wọ́n ń wá ò sá. E. D. Nixon fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá wọn, ó bi wọ́n bóyá òun ni wọ́n ń wá. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn yòókù ń wọlé bí ẹni ń lọ sóde ìnáwó, pásítọ̀ ń bẹ nínú wọn, olùkọ́ ń bẹ. King ò sí nílé. Ó dé, ó lọ fara rẹ̀ hàn. Nọ́ńbà tirẹ̀ ni 7089. Nígbà tí ẹ̀rù àtìmọ́lé ò bá ba èèyàn mọ́, kí ni ṣẹ́ríìfù tún fẹ́ fi dẹ́rù bà á? King nìkan ni wọ́n padà gbé ẹjọ́ rẹ̀ yẹ̀ wò, wọ́n sì bu owó ìtanràn dọ́là 500 lé e.

Fọ́tò wọ̀nyẹn wọ inú ìwé, ìwé wọ inú yàrá ìkẹ́rùsí, ó di ìgbàgbé. Ní 2004 ni òṣìṣẹ́ ṣẹ́ríìfù kan ń palẹ̀ ẹrù mọ́ tó bá wọn pàdé. Ọdún 48! Ẹnì kan sì ti kọ ọ̀rọ̀ sórí fọ́tò King: DEAD, 4-4-68, ọjọ́ tí wọ́n yìnbọn pa á. Bóyá akọ̀wé tó kàn ń parí fáìlì ni o, bóyá inú ẹni náà dùn ni o, lẹ́tà mẹ́rin péré kò lè sọ fún wa.

Tí ẹ bá fẹ́ wá ti òde òní, káúńtì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀, orúkọ nìkan ò tó. Ọ̀pọ̀ ṣẹ́ríìfù ló ń gbé orúkọ àwọn tó wà látìmọ́lé sórí ìkànnì wọn: ọjọ́ tí wọ́n wọlé, ẹ̀sùn, iye béèlì. Tí wọ́n bá ti fi ẹni náà sílẹ̀, orúkọ lè kúrò níbẹ̀, ẹ ó wá kọ̀wé béèrè. Tó bá ti di ti àtijọ́, ẹ wá a ní ilé àkójọ ìwé káúńtì tàbí ti ìpínlẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí, akọ̀wé kóòtù ló mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú fo ìyẹn: ìwé ṣẹ́ríìfù ń sọ pé wọ́n mú ẹnì kan, kò sọ pé ó jẹ̀bi. Mo rí bí ẹ ṣe ń pín fọ́tò ọmọ Naijiria tí wọ́n mú ní Texas bí ẹni pé adájọ́ ti sọ̀rọ̀ tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, wọ́n lè má dá yín lóhùn o. Ní 2013, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà sọ pé ìpínlẹ̀ lè fi ẹ̀tọ́ yìí mọ sọ́dọ̀ àwọn ará ìpínlẹ̀ náà. Òfin tiwa ti 2011 lawọ́ jùyẹn lọ, ẹnikẹ́ni ló lè béèrè láìsọ ìdí, ọjọ́ méje ni wọ́n sì ní láti fèsì. Ká tó rí èsì gbà, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn, jàre.

Ìwé àwọn ọmọdé ò sí lára ohun tí wọ́n ń kó síta, ibẹ̀ ni Colvin ti wọlé. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó kọ̀ láti dìde nínú bọ́ọ̀sì Montgomery, ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹta 1955, oṣù mẹ́sàn-án ṣáájú Parks. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni wọ́n fi kàn án. Nígbà tó pẹ̀jọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, méjì já, ó ku ẹyọ kan, pé ó bá ọlọ́pàá jà. Wọ́n ní kó máa wà lábẹ́ ìṣọ́, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún un pé ó ti parí. Ó di obìnrin, ó bímọ, ó di ìyá àgbà, ìwé yẹn wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀.

Èmi tí mo fẹ́ràn ìwé àtijọ́ báyìí, ó yẹ kí inú mi bàjẹ́ sí ohun tó ṣe lẹ́yìn náà, àmọ́ kò bàjẹ́. Ní 2021, ó pé ẹni ọdún 82, ó padà sí kóòtù àwọn ọmọdé ní Montgomery, ó ní kí wọ́n pa àkọsílẹ̀ òun rẹ́. Adájọ́ gbà.